Ta Ni Ó Ni Ohun Tí Ó Dà Sójú Ọ̀nà?

Bí ọmọ ìkókó bá kú tí ìyá rẹ̀ sì yè, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà wa máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá wọlé lọ kí ìyá náà, ọ̀rọ̀ tí kò gùn tí kò sì fẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó gba ọgbọ́n sínú bí ìkòkò ti ń gba omi: wọn a ní, 'Omi ni ó dànù, agbè kò fọ́.' Wọn kò sọ pé omi tí ó dànù kò dunni. Wọn kò sì sọ pé kí ìyá má sunkún, nítorí pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń to nǹkan méjì sí ipò wọn: èyí tí a tún lè lọ pọn lódò, wọ́n fi í sí ẹ̀yìn, èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá fọ́, kò sí alámọ̀ tàbí olókùn tí ó lè so ó pọ̀ mọ́, wọ́n fi í sí iwájú. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti ń rò ó bọ̀, láti ìgbà tí ìròyìn Majiya ti kàn wá lára ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nítorí ó jọ pé ní ojú pópó ilẹ̀ wa a ti da òwe náà dojú dé: omi tí ó dànù ni à ń sáré tọ̀, agbè ni à ń fọ́ lé e lórí.

Ìletò kan ni Majiya, ní ìjọba ìbílẹ̀ Taura, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, lókè Ọya lọ́hùn-ún. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù náà, ọkọ̀ agbépo kan dojú dé níbẹ̀, epo bẹntiróò inú rẹ̀ sì tú yàà sójú títì àti sínú gọ́tà. Àwọn ará ìletò gbọ́, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n gbé garawa, wọ́n jáde sí i. Iná sì sọ. Ẹni tí ó bá a lọ ju 140 lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ọkọ̀ mìíràn tí ó gbé 60,000 lítà ṣubú ní oríta Dikko, nítòsí Suleja ní ìpínlẹ̀ Niger. Bí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ fa epo láti inú èyí tí ó ṣubú sínú ọkọ̀ mìíràn ni iná ṣẹ́ yọ, ó sì ju 80 ènìyàn lọ tí kò padà sílé, tí ó jẹ́ pé epo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wá gbọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2017, nígbà tí ó ku ọ̀la kí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Pakistan túnu ààwẹ̀ kí wọ́n sì ṣe ọdún, ọkọ̀ agbépo ṣubú lẹ́bàá ìlú Ahmedpur East, àwọn ará abúlé sáré lọ gbọ́n epo rẹ̀, ó sì ju 200 ènìyàn lọ tí kò rí oúnjẹ ọdún jẹ. Iná kò mọ orílẹ̀-èdè, kò sì mọ ẹ̀sìn. Kò mọ ẹni tí ó dá a pàápàá.

Lẹ́yìn gbogbo irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ méjì ni ó máa ń gba ẹnu wa kan. Àwọn kan a mí kanlẹ̀, wọn a ní àmúwá Ọlọ́run ni, àyànmọ́ kò gbóògùn. Àwọn mìíràn a yọ ṣùtì, wọn a ní ọ̀kánjúwà ni baba àrùn, ẹni tí ó wá epo ọ̀fẹ́ lọ ti rí ohun tí ó wá. Èkíní dùn létí bí ẹ̀sìn, èkejì dùn létí bí ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò, a ó rí i pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń bá wa ṣe, wọ́n ń bá wa wẹ ọwọ́ wa mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ni ó mú un wá, kò kàn wá. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kánjúwà ẹni tí ó kú ni ó pa á, kò tún kàn wá náà. Kí a tó gbà pé kò kàn wá, ó yẹ kí a gbọ́ ìbéèrè tí ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń bi wá: ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ó sì dà sórí ilẹ̀ tí tẹrú tọmọ ń gbà kọjá, ta ni ó ni ín?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí ilé àyànmọ́, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń sá sí. Òtítọ́ ni pé àwọn baba wa gbà pé kí ẹ̀dá tó bọ́ sáyé ni ó ti kúnlẹ̀ níwájú Elédùmarè, Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé. Pé ó yan èyí tí à ń pè ní àkúnlẹ̀yàn, ó gba èyí tí à ń pè ní àkúnlẹ̀gbà, a sì so èyí tí à ń pè ní àyànmọ́ mọ́ ọn. Àti pé ilé Àjàlá, ẹni tí ń mọ orí, ni olúkúlùkù ti lọ gbé tirẹ̀, tí ẹlòmíràn gbé èyí tí ó jiná, tí ẹlòmíràn sì gbé èyí tí òjò kan yóò wó. Ṣùgbọ́n àwọn baba kan náà ni wọ́n sọ fún wa pé nígbà kan, gbogbo orí pé jọ láti gbìmọ̀ ohun tí wọn yóò ṣe, wọn kò pe ẹsẹ̀ sí i, ìmọ̀ wọn sì já sí asán, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbé e rìn. Ìtàn yìí kò lè ṣókùnkùn sí ẹni tí ó bá ti rí ọkọ̀ agbépo tí ó ṣubú rí. Orí ni ó yan ọ̀nà, ẹsẹ̀ ni ó ń rìn ín, ẹsẹ̀ tí ó sì mọ eré sá lọ sídìí epo náà mọ eré sá kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí èdè wa fi ní ọ̀rọ̀ méjì fún ohun tí ó bá ń ṣe ni: àmúwá Ọlọ́run wà, àfọwọ́fà sì wà, ẹni tí ó bá fi orúkọ èkíní pe èkejì ti pa irọ́ mọ́ Ọba Adákẹ́dájọ́.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àfọwọ́fà, ọwọ́ ta ni ó fà á? Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan gbiná lẹ́bàá afárá Otedola, ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ó ju 50 ọkọ̀ lọ tí ó jóná pẹ̀lú rẹ̀, ó sì kéré tán, ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó kú. Àwọn wọ̀nyí kò gbé kẹ́ẹ̀gì dání, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni du epo. Ọ̀nà tiwọn ni wọ́n ń bá lọ jẹ́jẹ́. Àwọn àgbà ní ìdáhùn sí irú èyí: wọ́n ní ọmọ aráyé lè dí orí rere lọ́wọ́. Nígbà tí a bá sì gbọ́ 'ọmọ aráyé', ọkàn wa a ti lọ sọ́dọ̀ àjẹ́ àti oṣó, a ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń fi orúkọ ọmọlàkejì ṣe oògùn ní òru ọ̀gànjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé bíréèkì ọkọ̀ òun kò mú mọ́, tí ó sì ní kí dẹrẹ́bà máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà epo ní ẹ̀yìn rẹ̀, oògùn wo ni ó tún kù kí ó ṣe? Táyà tí ó ti jẹ tán ti tó ni àjẹ́. Kò nílò kí ó fò lóru. Ọ̀sán gangan ni ó ń ṣọṣẹ́.

Orúkọ pẹ̀lú ń tàn wá jẹ. Epo ni à ń pe epo pupa, epo náà ni a sì ń pe bẹntiróò, etí tí ó sì ti ń gbọ́ epo láti ìgbà èwe kò gbọ́ ohun ẹ̀rù kankan nínú rẹ̀. Epo pupa ni ẹ̀rọ̀. Òun ni àwọn ìyá wa máa ń sáré bù fún ọmọ tí ó bá gbé oró mì. Òun ni à ń ta sílẹ̀ ní oríta kí inú Èṣù Láàróyè lè rọ̀. Bí ó bá sì dà síni lára, aṣọ ni ó bàjẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹntiróò kò bá a tan rárá. Bí a bá fẹ́ wá ìbátan fún un nínú ẹrù àwọn baba wa, àdí ni kí a mú, àdí tí í ṣe èèwọ̀ Èṣù, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá ta á sílẹ̀ ní oríta ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ìjà wọ̀lú. Nítorí kì í ṣe bẹntiróò tí ojú rí ni ó ń jó, oru tí ó ń gòkè lára rẹ̀ tí ojú kò rí ni ó ń jó. Oru yìí sì ń jáde lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ní ọyẹ́ àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí bí a bá tilẹ̀ gbé e lọ sí ilẹ̀ tí òtútù rẹ̀ ju ti yìnyín lọ dáadáa, yóò ṣì máa rú. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í fò lọ sókè bí èéfín; ńṣe ni ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ejò, ó ń gba inú gọ́tà, ó ń wá ibi tí ó lọ sísàlẹ̀, títí yóò fi bá iná kékeré kan pàdé lọ́nà jíjìn, bóyá nínú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, bóyá nínú ààrò oníàkàrà; lójú ẹsẹ̀ náà ni iná yóò gba ọ̀nà tí oru gbà wá padà sí orísun rẹ̀. Nínú 100 ìwọ̀n afẹ́fẹ́, bí oru náà bá ti tó 1.4 péré, ó ti tó kí iná mú un. Ẹni tí ó bá sì ní òun yóò fi omi pa á ń tan ara rẹ̀ jẹ ni, nítorí pé epo fẹ́rẹ̀ ju omi lọ: yóò gun omi lẹ́yìn bí ọmọ ti ń gun ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, yóò sì gbé iná rìn dé ibi tí kò bá ti dé. Ìdí nìyí tí àwọn panápaná fi ń lo ọṣẹ tí ń hó, tí yóò bo epo náà mọ́lẹ̀ bí ẹní, tí kò sì ní jẹ́ kí oru rí ọ̀nà jáde.

Ṣé ẹni tí ó mọ gbogbo èyí ni yóò tún gbé garawa? Bẹ́ẹ̀ ni, bí ebi bá ń pa á. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní oṣù tí ìjàǹbá Majiya ṣẹlẹ̀, lítà bẹntiróò kan ti tó nǹkan bí 1,000 náírà, owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní ọdún náà sì jẹ́ 70,000. Kẹ́ẹ̀gì tí ó gba lítà 25 kan ṣoṣo wá di 25,000 náírà, èyí tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá sì rí kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta pọn ti kó ju owó oṣù odidi kan lọ kí oúnjẹ tó jiná lórí iná. Àgbẹ̀ tí kò ní owó oṣù rárá ńkọ́? Èmi tí mo jókòó sórí àga tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, tí mo ti jẹun kí n tó mú kálámù, kò ní ẹnu láti yọ ṣùtì sí i. Ìṣẹ́ ni ó tì í jáde, kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́ nìkan. Síbẹ̀, ìdí tí a fi ṣe ohun kan ọ̀tọ̀, àre rẹ̀ ọ̀tọ̀. Ebi lè jẹ́ kí a dárí ji ẹni tí ó mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò lè sọ ohun náà di tirẹ̀, kò sì lè bẹ iná kí ó fojú fò ó dá.

Àwọn baba wa tí kò lówó jù wá lọ ti dáhùn ìbéèrè yìí ní ọ̀nà tiwọn. Láyé ìgbà owó ẹyọ, ẹni tí ó bá ń rin ọ̀nà oko ní ilẹ̀ Yorùbá a máa bá iṣu, a máa bá ọsàn tàbí èso mìíràn tí a pàtẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò sí ẹnì kankan tí ó jókòó tì í. Òkúta wẹ́wẹ́ ni a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi iye owó rẹ̀ hàn. Èrò tí ebi ń pa a mú èyí tí ó fẹ́, a ka owó ẹyọ sílẹ̀, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ọjà náà kò ní olùṣọ́, ṣùgbọ́n ó ní olúwa. Ohun tí ó wà lójú ọ̀nà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ti ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i. Ńṣe ni gbogbo ẹni tí ń kọjá di olùṣọ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, láìgba owó iṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ kan náà ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré kan tí à ń sọ lójoojúmọ́ tí a kò sì ń wo ìdí rẹ̀. Bí obìnrin tí ó ru agbọ̀n lọ sọ́jà bá fẹsẹ̀ kọ, kí ẹrù rẹ̀ tó kanlẹ̀ tán, 'Pẹ̀lẹ́ o!' ti gba ẹnu gbogbo ẹni tí ó rí i. Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu: kí ni ó dé tí ẹni tí kò tì í ṣubú fi ń bá a dárò bí ẹni pé òun ni ó ṣẹ̀ ẹ́? Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ohun tí pẹ̀lẹ́ ń wí ni pé, láti ìgbà tí ojú mi ti rí ohun tí ó ṣe ọ́, ó ti kàn mí. Ǹjẹ́ lẹ́bàá ọkọ̀ agbépo tí ó dojú dé, ta ni ń sọ pẹ̀lẹ́? Dẹrẹ́bà ń bẹ níwájú ọkọ̀, bóyá irin ti há a lẹ́sẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ọmọ ìyá kan ni. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ayé ti lọ sára táńkì. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Àńjọ̀fẹ́; Àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnì kan. Ọjọ́ tí a bá sáré kọjá lára ènìyàn tí ń kérora kí a lè dé ìdí epo, ọjọ́ náà ni agbè ti fọ́ kí iná tó sọ.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè ojú ọ̀nà nìyí: èrè tí ó wà nínú ohun tí ó dà sílẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹni tí ó rà á, ṣùgbọ́n ewu tí ó wà nínú rẹ̀ ti di ti gbogbo wa. Kì í ṣe ogún tí a ń pín, gbèsè tí a jùmọ̀ jẹ ni. Ọ̀nà ọba ni ó dà sí, ọba kò sì lè dá ọ̀nà ṣọ́.

N kò dá èyí rò. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, ẹ ó bá a lẹ́nu àwọn àáfà pé Ànábì Mùhámmádù, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ni pé ìgbàgbọ́ ní ẹ̀ka tí ó lé ní 70, tí èyí tí ó ga jù lọ nínú wọn jẹ́ ìjẹ́rìí pé kò sí ọba kan àfi Ọlọ́hun, tí èyí tí ó sì rẹlẹ̀ jù lọ jẹ́ mímú ohun tí ń pani lára kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn kan gbọ́ pé ó rẹlẹ̀, wọ́n sì rò pé ó kéré. Ṣùgbọ́n ẹ wo igi: ẹ̀ka tí ó rẹlẹ̀ jù lọ ni ọwọ́ gbogbo ènìyàn tó. Àáfà àti púrúǹtù, olówó àti tálákà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò ga tó láti mú ohun ìpalára kúrò lọ́nà.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn Kristẹni, ẹ ṣí ìwé Ẹ́kísódù, orí kọkànlélógún, ẹ ó bá òfin kan níbẹ̀ nípa ẹni tí ó gbẹ́ kòtò tí kò sì bò ó: bí màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹlòmíràn bá jìn sínú rẹ̀ tí ó kú, oní-kòtò ni yóò san owó rẹ̀. Ohun tí ó ń wú mi lórí nínú òfin náà ni ohun tí kò bèèrè. Kò bèèrè bóyá màlúù náà gọ̀. Kò bèèrè ohun tí ó ń wá lẹ́bàá kòtò. Kò ní kí oní-kòtò gbàdúrà fún onímàlúù kí ó sì máa lọ. Èmi kò mọ bí a ti í ka òfin yìí ní orílẹ̀-èdè tí kòtò wà láàárín títì fúnra rẹ̀, tí ọkọ̀ agbépo ń yà fún un lóru títí tí yóò fi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí a má sì rí oní-kòtò kan ṣoṣo tí ó jẹ́wọ́.

Ẹ sì lọ sọ́dọ̀ àwọn onísẹ̀ṣe, níbi tí a ti ń di gbogbo ẹ̀bi ru Ògún. Bí irin bá pa èrò lójú ọ̀nà, a ní Ògún ni ó gbẹ̀jẹ̀, a pa ajá, a sì tún gbé ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú táyà kan náà padà sójú títì. A gbàgbé pé Ògún Lákáayé, Ọ̀sìn Imọlẹ̀, kí a tó mọ̀ ọ́n mọ́ ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà ni a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n mọ́: nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ ń bọ̀ wá sáyé tí igbó dí wọn lọ́nà, òun ni ó fi irin yẹ̀nà fún wọn. A gbàgbé pẹ̀lú pé òun ni òrìṣà ìbúra, tí ó fi jẹ́ pé nílé ẹjọ́ ìjọba pàápàá, irin ni onísẹ̀ṣe ń fi ẹnu kàn kí ó tó jẹ́rìí. Ẹni tí ó bá gbé irin sójú ọ̀nà ti búra, ì báà má la ẹnu: ó ti sọ fún gbogbo èrò pé irin yìí yóò dúró nígbà tí mo bá ní kí ó dúró. Bíréèkì tí kò mú, ìbúra èké ni, Ògún kì í sì í gba ajá lọ́wọ́ eléké. Mo rò pé kì í ṣe lásán ni ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, Wọlé Ṣóyínká, òǹkọ̀wé tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pe Ògún ní òrìṣà òun, ni ó jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún un. Ó yé e pé iṣẹ́ Ògún ni kí ọ̀nà mọ́.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ka àwọn tí ó jẹ gbèsè, ẹ jẹ́ kí a ti òkè kà á wá sísàlẹ̀, kí a má kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n mú epo gba inú ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ tàbí ojú irin, tí wọ́n jẹ́ kí púpọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sójú títì, jẹ níbẹ̀. Àwọn tí a fún ní owó ọ̀nà tí wọn kò ṣe ọ̀nà jẹ níbẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tí kò wo táyà, tí kò jẹ́ kí dẹrẹ́bà sùn, jẹ níbẹ̀. Ìjọba ti pàṣẹ pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2025, ọkọ̀ tí ó gba 60,000 lítà kò gbọdọ̀ gbé epo rìn mọ́. Àṣẹ rere ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn Majiya àti Dikko ni ó dé. A kì í fi iná sórí òrùlé kí a sùn. Lẹ́yìn gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ó tó kan ẹni tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni èmi àti ẹ̀yin tí a dúró lókèèrè tí a ń wòran.

Kí ni àwa tí ń kọjá yóò wá san? Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i kí ó dúró ní ọ̀nà jíjìn, ní ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, kí ó sì ké sí àwọn tí ń bọ̀ pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó ṣẹ́ ewé sójú ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí àwọn dẹrẹ́bà wa ti máa ń ṣe bí ọkọ̀ bá bàjẹ́. Ewé yìí kì í ṣe ohun tuntun, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti màrìwò tí àwọn baba wa fi ń sọ fún ojú pé kí ó má kọjá ibí yìí. Kí ó pe 122, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó gbọ́, kí wọ́n sì pe panápaná. Oníàkàrà kí ó pa iná ààrò rẹ̀. Àáfà tí gbohùngbohùn ń bẹ ní mọ́ṣáláṣí rẹ̀, àti pásítọ̀ tí agogo ń bẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ìwàásù tí ó kúrú jù lọ tí wọn yóò ṣe láyé wọn, tí yóò sì gba ọkàn là jù lọ, ni pé: 'Ẹ padà sílé.' Epo tí ó kù lórí ilẹ̀, kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n da yanrìn bò ó, kí wọ́n sì kó o kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má fi omi ṣàn án lọ sínú gọ́tà, nítorí kànga ẹlòmíràn ni ó rán an lọ. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó da epo síwájú ńkọ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yanrìn àti ewé ni mo wá fi parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀ka tí ó rẹlẹ̀ ni mo ń sọ.

Kò sí ẹni tí ó lè wọ ilé ìyá kan ní Majiya kí ó sọ fún un pé omi ni ó dànù, nítorí pé níbẹ̀, omi dànù, agbè fọ́, ẹni tí ń ru agbè náà kò sì sí mọ́. A ti pàdánù ọ̀rọ̀ ìtùnú wa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mìíràn yóò ṣubú, nítorí ọ̀nà kò tíì dára, táyà kò sì tíì yí padà. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọba Arínúróde ni pé ní ọjọ́ náà kí a rí ìletò kan tí yóò yọ dẹrẹ́bà jáde, tí yóò ṣẹ́ ewé sọ́nà, tí yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sílé, tí yóò sì fi gbogbo epo náà sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kó, láìgbọ́n ife kan. Kí ọlọ́kọ̀ dé lọ́jọ́ kejì, kí ó ká ọwọ́ lérí, kí ó máa ka owó tí ó ṣòfò. Kí àwọn àgbà ìletò sì lè jáde lọ bá a, tọmọdé tàgbà wọn pé lẹ́yìn wọn, kí wọ́n sì kí i bí a ti í kí ẹni tí ó pàdánù: 'Pẹ̀lẹ́ o. Omi ni ó dànù, agbè kò fọ́.'